Bàbá Àgbà Mi àti Dùùrù Tí Wọ́n Ń Fà

Bàbá tó bí bàbá mi ló fi dùùrù àyà dá odò Ọ̀ṣun dúró. Ọ̀sán gangan ni. Ó jókòó sórí àpáta létí odò, ó fa dùùrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi sì dúró gbagidi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ohùn líle pè. Àwọn ẹja yọrí sókè, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Nígbà tó sinmi díẹ̀ kó tó tún un fà, akọ ẹja kan tó ti hu irùngbọ̀n bi í pé, "Bàbá, ṣé ó ti tán ni?" Mo wà níbẹ̀. Inú ìyá mi ni mo ṣì wà, ṣùgbọ́n etí mi ti hù. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi odò.

Bàbá àgbà ti lọ báyìí. Ó pẹ́ láyé débi pé èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ ti pàdánù gbogbo eyín iwájú mi kí ó tó kú. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú pè é ní onírẹ̀lẹ̀, ẹni pẹ̀lẹ́, ẹni tó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Mo kà á, mo sì yọjú wo inú pósí bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa. Onírẹ̀lẹ̀ kẹ̀? Bàbá àgbà mi kò fẹ́ràn ju ènìyàn bíi mẹ́ta lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́. Nítorí irọ́ yẹn ni mo ṣe mú kálámù, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Sítáńdáàdì Fóò. Mi ò kórìíra irọ́. Irọ́ tí kò dùn ni mo kórìíra.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ mọ dùùrù rẹ̀ ná. Okùn awọ ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká. Ó ní eyín funfun àti dúdú lápá ọ̀tún, bọ́tìnì wẹ́wẹ́ lápá òsì, ikùn rẹ̀ láàárín sì ká lórí ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po. Bí o bá fà á, á mí sínú. Bí o bá tì í, á mí síta. Èémí yẹn ló ń di orin. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní àkọ́díọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lójú Bàbá àgbà.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó Súwídìn kan ló ti rí i. Òyìnbó náà ń wá wúrà kiri nínú igbó Ìjẹ̀ṣà, Bàbá àgbà sì ni kúùkù rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òyìnbó á jókòó sórí àpótí, á máa fa dùùrù, àárò ilé á sì máa sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Wúrà kò bọ́ sí i lọ́wọ́, ibà ló bọ́ sí i lára. Ọjọ́ tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó gbé dùùrù lé kúùkù rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún un lédè Súwídìn: dragspel.

Orúkọ yẹn ni Bàbá àgbà mi fi ṣe ẹ̀sìn, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òyìnbó náà là á fún òun bí ìgbà tí èèyàn ń la obì. "Drag" ni fífà, "spel" ni eré. Ohun tí èèyàn ń fà kó tó ṣeré. Fèrè kékeré tí òyìnbó náà tún ń fi ẹnu fọn, "munspel" ni wọ́n ń pè é, nítorí "mun" ni ẹnu lédè wọn. Eré ẹnu nìyẹn. Bàbá àgbà á wá dúró lórí wa bí tíṣà tí ìjọba kò gbà síṣẹ́: "Ẹ wo àwọn èèyàn tó gbọ́n! Bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohun tó ń gbá ilẹ̀, a pè é ní ìgbálẹ̀. Ohun tó ń gba òjò, agbòjò. Ẹ ní kí Gẹ̀ẹ́sì wá sọ ohun tó ń jẹ́ àkọ́díọ̀nù fún mi."

Tíṣà gidi kan wà ní àdúgbò wa ní Iléṣà tó ṣe àṣìṣe láti dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, orúkọ rẹ̀ nìyẹn ṣáá. Kò nítumọ̀."

Bàbá àgbà wò ó láti orí dé bàtà. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, "uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́ títí ó fi kú. Ó ní, "Orúkọ tí kò bá lè sọ uṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ọ̀lẹ ni."

Ẹ má rò pé òun kì í parọ́ o. Ó ti búra níwájú mi rí pé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta aṣọ kiri, tó ṣìnà dé ilẹ̀ yìnyín, ni àwọn ará Súwídìn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Mo bi í léèrè orúkọ Ìjẹ̀ṣà náà. Ó ní, "Bóo bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, gbọ́ ìtàn. Bóo bá fẹ́ orúkọ, lọ sí kọ́ọ̀tù."

Ìyàwó méjì ló fẹ́. Èyí àgbà wà ní Iléṣà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun la ń pè ní Yèyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi. Èkejì, ọmọ onímọ̀le Òṣogbo ni, òun la ń pè ní Ìyá Òṣogbo. Bàbá àgbà ò kó wọn pọ̀ sínú ilé kan rárá, nítorí ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀tá méjì máa pàdé lójoojúmọ́ kí wọ́n sì rí i pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn. Òun ló ń lọ, òun ló ń bọ̀, láàárín ilé méjèèjì, dùùrù lórí itan rẹ̀ nínú tákisí. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tí awakọ̀ kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù yìí sí búùtù."

"Gbé ẹ̀gbọ́n rẹ sí búùtù."

"Àyè èèyàn kan ló gbà, Bàbá! Ẹ wo àwọn tó fẹ́ wọlé."

"Bi wọ́n bóyá wọ́n mọ orin. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, àwọn ni ẹrù."

Ọmọ rẹ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àbúrò bàbá mi ni, Yèyé ló bí i, èmi àti ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gba ọmú lọ́dún kan náà, síbẹ̀ Dádì ni mo gbọ́dọ̀ máa pè é, nítorí àṣà wa kì í wo ojú ẹni kó tó fi ìyà jẹ ẹ́. Àbẹ̀rẹ̀, níbi ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó sì ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Dádì Àbẹ̀rẹ̀ la ń pè é. Bó ṣe fẹ̀yìn tì ló gba ọ̀rọ̀ àwọn akọrin ìjọ wa sọ́wọ́, ó ra kíbọ́ọ̀dù oníná fún wọn, ó sì wá rí i pé dùùrù bàbá òun ń ti òun lójú. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó dá Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo èèyàn.

"Bàbá, mo ti wádìí orúkọ yẹn. 'Drag' tó wà níbẹ̀, dírágónì ni. Ẹranko inú Ìwé Ìfihàn! Eré dírágónì lẹ ń gbé wọ ilé Ọlọ́run."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó hàn gbangba, Bàbá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

"Wọ́n kọ 'Ọ̀gá' sára ilẹ̀kùn rẹ ní Àbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀gá wà nínú yàrá náà?"

Àwọn ìyá ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Dádì Àbẹ̀rẹ̀ kò dárí jì í láéláé. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, ó ti tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ náà ń lu ìlù fúnra rẹ̀, òun sì ń bó ẹ̀pà jẹ. Bàbá àgbà wo ọmọ náà, ó wo ẹ̀rọ náà, ó gbé dùùrù rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó bá ń dá kọrin, ẹ jẹ́ kó máa dá lọ sí ọ̀run."

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìyá Òṣogbo ló wà, nínú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Àlímọ̀tù ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọmọ Bàbá ni Àlímọ̀tù, láti ìdí Ìyá Òṣogbo, ó ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà Ọba, ẹnu rẹ̀ sì mú ju etí abọ́ lọ. Ọmọ Àlímọ̀tù obìnrin kan, nọ́ọ̀sì, fẹ́ ṣe Bàbá lóore. Ó wá orúkọ dùùrù náà lórí fóònù, ó sì sáré wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Bàbá àgbà! Òótọ́ lẹ sọ o! Fóònù náà sọ pé 'dra' ni kí èèyàn fa nǹkan, 'spel' sì ni eré!"

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ bí wúrà tí òyìnbó ò rí, ọmọdé kan wá fi àtàǹpàkò ṣí i láàárín ìṣẹ́jú.

"Fóònù yẹn ti gbé Súwídìn rí ni?"

"Rárá, Bàbá. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni."

"Ó mọ̀ ọ́n." Ó yí ojú sí ògiri. "Sọ fún un kó fà á."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun kan ṣoṣo tí Bàbá àgbà ṣe tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi àti Àlímọ̀tù ṣì kéré. Kérésìmesì ni, àwọn ti Òṣogbo wá kí wa ní Iléṣà, a sì gbá dùùrù mú, èmi lápá kan, òun lápá kejì. Mo ní ti ilé wa ni. Ó ní ti ilé wọn ni. Àwọn ìyá wa ti ń kó ẹnu bọ̀ ọ́, èébú ti ń fò lórí ògiri. Ohun tí mo retí ni pàṣán. Bàbá àgbà kò mú pàṣán. Ó gbé àga gígùn wá, ó fi mí sí apá òsì níbi bọ́tìnì, ó fi Àlímọ̀tù sí apá ọ̀tún níbi eyín, òun sì dúró lẹ́yìn wa.

"Ẹ fà á."

Àwa méjèèjì fà á bí ìgbà tí ajá méjì ń fa eegun. Dùùrù náà ké bí òbúkọ. Bàbá àgbà gbá wa lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní ẹ fà á. Mi ò ní ẹ já a."

A tún fà á. A rí i pé bí mo bá ń fà, Àlímọ̀tù gbọ́dọ̀ dúró dè mí, bí òun náà bá sì ń tì í bọ̀, mo gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí a bá jọ ya wèrè, á ké. Bí a bá jọ ṣe ọ̀lẹ, á dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti rí orin kan fà yọ, orin burúkú ni, ṣùgbọ́n Yèyé àti Ìyá Òṣogbo dákẹ́ èébú láti rẹ́rìn-ín sí i. Láti ìgbà náà, dùùrù ń lọ sí Iléṣà ní Kérésìmesì, ó ń lọ sí Òṣogbo ní Iléyá, èmi àti Àlímọ̀tù ló sì ń jọ fà á níbi méjèèjì, àní lẹ́yìn tí àwa náà ti ń pe ara wa ní arúgbó. Ohun tí Bàbá àgbà sọ lọ́jọ́ náà nìyí: "Ọwọ́ òsì ń fà á lọ, ọwọ́ ọ̀tún ń fà á bọ̀, ikùn kan náà ló wà láàárín wọn."

Ó wá kú. A sin ín. A jókòó láti pín ogún.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ bá kú, a lè pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni igi, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀ka, igi kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gba ìpín tó dọ́gba. Dádì Àbẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí àga Bàbá. Ilẹ̀ oko, ó gé e sí méjì. Aṣọ òkè, méjì. Ewúrẹ́, méjì méjì, ó sì ń gbé ewúrẹ́ wò lọ́wọ́ kí ọ̀kan má baà sanra ju èkejì lọ. Ó wá kan dùùrù. Ẹyọ kan ni.

Àlímọ̀tù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dádì, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kó máa bọ̀, bí Bàbá ṣe ń ṣe. Kérésì lọ́dọ̀ yín, Iléyá lọ́dọ̀ wa."

"Ìyẹn kì í ṣe pínpín. Ta ni yóò mú un dání láàárín Kérésì àti Iléyá?"

"Bọ̀dá Sámù ni kó mú un." Èmi ni Bọ̀dá Sámù.

"Igi tiwa ni Sámù. Lọ́la ẹ ó ní mo rẹ́ igi yín jẹ."

Ẹnìkan ní kí wọ́n tà á. Gbogbo ilé hó lé e lórí: ohun tí òkú gbé lé àyà, wọn kì í gbé e lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni Dádì Àbẹ̀rẹ̀ ti na ìka sókè bí ẹni tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀. "Igi méjì, ìpín méjì. Ẹ pe káfíńtà wá."

Mo ń retí kí àwọn ará Òṣogbo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Àgbààgbà wọn tí mo ti rò pé orí wọn pé ń mi orí kan náà: òdodo nìyẹn, kò sí ìrẹ́jẹ. Àlímọ̀tù nìkan ló ń pariwo, "Wọlahi, orí yín ti dàrú!" Wọ́n ní obìnrin ni, kó jókòó. Káfíńtà tó kan pósí Bàbá náà ló wá, ó gbé ayùn dání, ó wo dùùrù, ó sì bi wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìbú ni kí n gé e ni, àbí òró?"

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ dúró!" Mo gbé àga gígùn wá sí àárín, èmi sí apá òsì, Àlímọ̀tù sí apá ọ̀tún, orúnkún wa ń ké ju dùùrù lọ. A fà á. Orin àtijọ́ yẹn jáde, orin burúkú náà, ó kún gbogbo ilé. Káfíńtà jẹ́ kí ayùn bọ́ sílẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ìpín méjèèjì dúró, wọ́n ń gbọ́. Dádì Àbẹ̀rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú," gbogbo wa sì gbà pé kí dùùrù máa lọ, kó máa bọ̀.

Ó dùn, àbí? Irọ́ ni. Apá ibẹ̀ yẹn ni mo parọ́ rẹ̀, láti orí àga gígùn títí dé ẹkún. Ti odò Ọ̀ṣun, mi ò yẹ̀ lórí rẹ̀, àti ti ẹja onírùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí, èmi ni mo hun ún.

Mo dìde lóòótọ́, mo sì ní kí wọ́n dúró. Dádì Àbẹ̀rẹ̀ ní, "Sámù, jókòó. Igi kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ." Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n dé ìdí àga. Káfíńtà gé e ní òró, láàárín ikùn. Nígbà tí ayùn wọ ibi tó ń ká, dùùrù náà mí èémí gígùn kan bí ẹni tó ti gbé ẹrù wúwo sílẹ̀, kò sì tún mí mọ́. Àwọn kan yọjú wo inú rẹ̀. Èruku ló wà níbẹ̀.

Apá bọ́tìnì wà lórí fíríìjì Dádì Àbẹ̀rẹ̀, ó da aṣọ funfun bò ó, ó sì ń fi han àlejò pé ìpín tiwa nìyẹn, kò sí ìrẹ́jẹ. Apá eyín wà ní Ọjà Ọba, láàárín abọ́ tánganran. Àlímọ̀tù pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá.

"Bọ̀dá Sámù, mo tẹ eyín kan lónìí."

"Ó dún?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ dún? Ta ló wà lápá kejì tó máa fà á?"

Mo ronú kan orúkọ tí òyìnbó aláìrí-wúrà yẹn fi lé Bàbá àgbà lọ́wọ́, tó là á sí méjì fún un: fífà àti eré. Eré ti bá Bàbá lọ. Fífà ló kù fún àwa.